Owó Onímú Méjì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba Ring Road kọjá lọ sí Challenge, ẹ ó ti rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ẹyin kan rí, tí géètì rẹ̀ tóbi ju ilé fúnra rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni Àjọ Olùtọ́jú Owó Ìrántí wà. Iṣẹ́ wọn kò le rárá. Bí wọ́n bá ti lu owó ẹyọ láti fi ṣe ìrántí ayẹyẹ kan, irú owó tí èèyàn kì í ná lọ́jà, tó jẹ́ pé àpótí onígíláàsì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, àwọn ni wọn yóò gbà á, tí wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn, tí wọn yóò sì kọ irú ẹ̀yà tó jẹ́ sínú ìwé àkójọ. Iṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Èèyàn á jókòó, á máa wo nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ gbé iṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀, ẹ ó rí i bí yóò ṣe sọ ọ́ di ariwo ọjà.

Ẹni tí mò ń wí ni Olóyè Dókítà Ẹnjinníà Akínbíyì Adéróunmú. Oyè yẹn, àwọn àna rẹ̀ ló fi í jẹ ní Oǹdó lọ́hùn-ún. Dókítà yẹn, ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò tíì ní akẹ́kọ̀ọ́ kankan ló fi dá a lọ́lá. Ní ti ẹnjinníà, ẹ̀rọ iná ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, ó dúró tì í nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe. Ẹ má bínú sí mi pé mi ò pè é ní "wọ́n" bó ti yẹ kí á máa pe àgbà. Ọ̀wọ̀ tí ọkùnrin yìí ti gbà láyé tó èèyàn mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ lọ́wọ́ tèmi.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún lọ́kàn: adelé ni. Ọ̀gá Àgbà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, ìjọba sì ní kí Akínbíyì máa bá wọn mójú tó o títí wọn yóò fi fọwọ́ sí i pé òun gan-an ni. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ó di Ọ̀gá Àgbà pátápátá, tòun ti ìjókòó aláwọ pupa. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, á padà sílé rẹ̀ ní Akóbọ̀ lọ máa bomi rin òdòdó. Ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ́ kó jẹun yó. Ó fòfin de ọ̀rọ̀ náà "adelé" nínú ọgbà. Dírẹ́bà kan tó kàn sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé ìyàwó òun rìnrìn àjò, pé ẹ̀gbọ́n òun ló ń ṣe adelé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, kúẹ́rì ló gbà lọ́jọ́ náà.

Láràárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sórí àtẹ̀gùn láti kí i. Abíọ́dún, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ pàtàkì, á máa ka oyè rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Bí Abíọ́dún bá fo ọ̀kan, ọ̀gá á padà sínú mọ́tò, wọn á tún un bẹ̀rẹ̀. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ kan, Abíọ́dún gbàgbé "Ẹnjinníà". Ọ̀gá padà, ó ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ó jókòó. Wọ́n tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, òjò sì pa gbogbo wọn bí ẹyẹlé. Iṣẹ́ tí wọ́n gba Abíọ́dún fún kò yé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe yé gbogbo ayé: "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn ará ilé yìí ń pè ní ìbejì, torí òun ló gbé ọ̀gá wa ṣubú. Owó ẹyọ kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Irin kan wà tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí lórí, ìyá òǹtẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ìyá yìí ni wọn yóò fi tẹ irin mìíràn tí wọ́n ti fi iná rọ̀, kí àwòrán lè wọ̀ ọ́ lára. Irin kejì yẹn ni òǹtẹ̀, òun ni wọ́n fi ń lu owó. Nígbà mìíràn, àwòrán kì í wọlé tó lẹ́ẹ̀kan, wọn á tún ìyá tẹ̀ ẹ́. Bí ìyá bá wá yẹ̀, ìbáà ṣe bí ìdí abẹ́rẹ́, àwòrán ti di méjì lára òǹtẹ̀ nìyẹn, gbogbo owó tí òǹtẹ̀ náà bá sì bí, méjì méjì ni yóò jẹ́. Ìbejì nìyẹn. Akówójọ, ìyẹn ẹni tó ń kó irú owó ẹyọ bẹ́ẹ̀ jọ, bó bá rí ìbejì, ó lè gbàgbé ilé ìyàwó rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló kàn gbọ̀n nígbà tí wọ́n ń lu owó, òjìji pẹlẹbẹ kan ni ẹ ó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, owó tó tẹ̀ lé e kò sì ní ní irú rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìbejì, wàhálà ẹ̀rọ lásán ni.

Ẹni tó ń ya ọ̀kan kúrò lára èkejì nílé yìí ni Kaosarah Ikúbọlájẹ́, olórí ẹ̀ka ìwé àkójọ. Ó kàwé, ó mọ̀ pé òun kàwé, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ìdílé wọn ní Agbowó, bí wọ́n bá ní ẹjọ́, òun ni wọ́n máa ń tì síwájú.

Nígbà tí Akínbíyì gbọ́ pé ìjọba fẹ́ràn ọ̀gá tó bá kórìíra màgòmágó, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó gbé fìlà rẹ̀ gẹ̀ẹ́gẹ̀, ó sì gba gbohùngbohùn nínú yàrá tí ohùn lásán ì bá tó.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ̀yin ọmọ orílẹ̀-èdè! Ẹ̀yin aráyé!" Gbogbo aráyé tó wà níbẹ̀ kò kún bẹ́ńṣì mẹ́rin. "Kí ni ìbejì? Ìbejì jẹ́ àṣìṣe! Àṣìṣe ọwọ́, àṣìṣe tí ẹ̀dá kankan kò gbèrò! Ìdí nìyẹn tó fi níyì! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dá ìbejì sílẹ̀, ayédèrú ló ṣe, olè ni, ọ̀dàlẹ̀ ni! Láti òní lọ, bí ìbejì bá jáde láti ọwọ́ ilé yìí, kí ìjọba rán ìgbìmọ̀ wá bi wá bóyá a ṣèèṣì ni, àbí a mọ̀ọ́mọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀, ìbáà ṣe dírẹ́bà, ìbáà ṣe èmi Akínbíyì fúnra mi, kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ! Kí owó náà sì jáde kúrò nínú ìwé!"

Abíọ́dún sunkún. Wọ́n pe òfin náà ní Òfin Adéróunmú, wọ́n fi férémù sí i, wọ́n sì gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ má ro nǹkan kan o, òfin tó dára ni. Orí ẹni tó máa kọ́kọ́ bà lé ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Àjọ wá pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n sì gba àṣẹ láti lu owó ìrántí tiwọn. Ìpàdé bẹ̀rẹ̀: àwòrán kí ni kí wọ́n fi sí i? Ẹnì kan ní kí wọ́n fi Cocoa House sí i.

"Ilé," ọ̀gá dáhùn, "ilé kò ní ojú."

Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fi omi Ẹlẹ́yẹlé sí i.

"Omi kì í dúró sójú kan. Ohun tó ní ojú ni mo fẹ́, tó sì dúró." Ó dúró nígbà tó ń sọ ọ́. Ó tún yí ojú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Ẹ̀yin ni, sà!" Abíọ́dún fò dìde. "Ẹ̀yin lẹ ní ojú, ẹ̀yin náà lẹ dúró!"

Háà! Ọ̀gá kọ̀. Ó ní rárá o, ó ní ẹ má dán an wò, ó ní ìwà ìrẹ̀lẹ̀ kò ní í jẹ́ kí òun gbà, ó ní bó bá wá di dandan, kí wọ́n ya òun láti ẹ̀gbẹ́ òsì, torí ibẹ̀ ni imú òun ti dára jù.

Ọládipọ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ọládipọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní Ẹlẹ́yẹlé, níbi tó ti ń gbẹ́ òǹtẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àti ìjọ gbogbo, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ó gbẹ́ ojú ọ̀gá, ó kó gbogbo oyè rẹ̀ yí etí owó ká, ó tẹ òǹtẹ̀, ó lu ẹyọ kan fún àpẹẹrẹ. Ọ̀gá fi mọ́tò méjì lọ wo ẹyọ kan yẹn. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó di ojú kan, ó tún di ojú kejì.

"Ọládipọ̀, ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi! Pẹlẹbẹ báyìí! Ṣé bí mo ṣe rí nìyí, tí mo fi bí ọmọ? Orí mi kò yọ! Tún un tẹ̀!"

"Ó ti wọlé tó, sà. Bí ẹ bá sì ní ká tún un tẹ̀, a ní láti kọ́kọ́ fi irin yìí sínú iná kó rọ̀, ká wá rọra to ìyá sójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

"Ọ̀la?" Ọ̀gá yíjú sí Abíọ́dún. "O gbọ́ ohun tó wí? Ó ní ọ̀la. Ẹnjinníà ló dúró níwájú rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ọ̀la!"

Ó ti Ọládipọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé ìyá lé òǹtẹ̀ lórí, ó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ibi tó ti ń tẹ̀ ẹ́ ni apá agbádá rẹ̀ ti há sábẹ́ irin. Ó fa agbádá, agbádá fa ìyá, ìyá yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ sì ti wọlé gbìì. Ọládipọ̀ ké yéè. Abíọ́dún pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹnjinníà, ẹ kú iṣẹ́!" Ọ̀gá yọ agbádá rẹ̀, ó ti ya níbi kékeré kan, ó ní kí wọ́n máa lu owó lọ lójú òun. Ọládipọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ yẹ òǹtẹ̀ wò. Ọ̀gá ní bí kò bá ní í lù ú, òun á wá ẹni tí yóò lù ú. Wọ́n lù ú tán pátá. Nígbà tí ọ̀gá gbé ọ̀kan wò, tí kò fi gíláàsì sójú nítorí ó gbà pé arúgbó ló ń lò ó, ó rí i pé orí òun ti tóbi sí i, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ẹ wá wo orí!" ó wí. "Ó ti sanra!"

Wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ owó náà ní gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ títí gbohùngbohùn fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn àlejò gba owó, wọ́n wò ó, wọ́n wo ọ̀gá, wọ́n tún wo owó, wọ́n sì ní ó jọ ọ́ gan-an ni. Kí ni wọn ì bá tún wí? Oúnjẹ kò tíì jáde.

Ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́fẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ sọ òdodo. Ó gbé owó náà síbi fèrèsé ní Akóbọ̀, ó sì fi gíláàsì rẹ̀ sójú.

"Dádì Tiwátọ́pẹ́, ta ló dúró sẹ́yìn yín níbí?"

"Níbo? Èmi nìkan ni."

"Imú kan tún wà lẹ́yìn imú yín. Ẹ wò ó. Olóyè náà di méjì, Olóyè Olóyè. Ẹnjinníà sì dà bí ẹni tó mutí yó."

"Ọmọ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ ni."

"Ìmọ́lẹ̀ wo ló ń hu imú?" Ó dá owó padà fún un, ó sì lọ síbi ọbẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá kò sùn. Ó dé ibi iṣẹ́ kí àwọn olùkíni tó tò, ó kó gbogbo oyè rẹ̀ gba ẹ̀yìn wọlé, ó sì lọ bá Kaosarah nídìí tábìlì rẹ̀. Kaosarah ti gbé ẹyọ mẹ́rin kalẹ̀ lábẹ́ awò tí ń sọ nǹkan di ńlá.

"Ìyáàfin Ikúbọlájẹ́, ẹ̀rọ ló gbọ̀n. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ wá wò ó." Ó ń yí owó sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ iná. "Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló gbọ̀n, imú kejì á tẹ́ pẹlẹbẹ. Èyí yọ roboto, bí imú gidi. Ìdí lẹ́tà yín náà là sí méjì. Ẹ tún wo èkejì, ẹ wo ẹ̀kẹta. Ibì kan náà ni imú wà nínú gbogbo wọn. Òǹtẹ̀ ni, sà. Ìbejì tó mọ́ jù tí mo tíì rí láyé mi nìyí."

"Mo ní ẹ̀rọ ni! Ìjọba fẹ́ fọwọ́ sí ìwé mi, ẹ wá ń sọ fún mi pé mo ní imú méjì? Mi ò fẹ́ rí i nínú ìwé!"

"Kò burú, sà. Imú yín ni."

Bó ṣe di ohun àṣírí nìyẹn. Ìyẹn ni pé gbogbo ìlú gbọ́. Ní Dùgbẹ̀, àwọn tó ń ta owó àtijọ́ lábẹ́ agboòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè "onímú méjì". Àwọn akówójọ ń pe orí fóònù láti ibi gbogbo. Ọkùnrin kan fi ọkọ̀ wá láti Iléṣà, ó dúró ní géètì láti àárọ̀, ó ní kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun fojú kàn án. Abíọ́dún tó ti ń rìn ní kọ̀rọ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè sáré wọlé tọ ọ̀gá.

"Sà! Wọ́n ní kò sí irú yín láyé! Wọ́n ní owó tí imú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ta ló ń wá a!"

Ọ̀gá gbé orí sókè. Ẹ wá wo bí ojú ṣe ń là. "Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní ẹni tó ṣe é, ọlọ́gbọ́n ni."

"Ọlọ́gbọ́n," ni ọ̀gá tún wí, ó rọra ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun ti fura tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní òun ti mọ̀. Kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́, ó ti ń sọ fún àwọn aṣọ́nà pé ètò tí òun ti ń rò láti kékeré ni. Ó pàṣẹ fún Kaosarah kó kọ owó náà sínú ìwé àkójọ kíá, ó sì ní kí wọ́n ya imú méjèèjì gàdàgbà sára ògiri ìta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹtì nìyí, nítorí òfin tó wà nínú férémù kò lọ ibì kankan. Ìbejì ti jáde láti ọwọ́ ilé, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ wá. Kaosarah lọ bá ọ̀gá kí wọ́n tó dé. Kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká parọ́ fúnra wa, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn owó náà, kò sì fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé.

"Sà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa bi yín. Ẹ sọ pé ó ṣèèṣì ni. Ọ̀rọ̀ tán."

"Ìyáàfin Ikúbọlájẹ́, ẹ ti rí i kí n ṣèèṣì rí?"

Kaosarah wo apá agbádá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti rán ibi tó ya. "Rárá o, sà," ó wí. "Ẹ ò ní í gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ìyáàfin Fọláyọ̀ Bọ́láwárìn ni ìjọba fi ṣe alága ìgbìmọ̀, akọ̀wé àgbà tó ti rí oríṣiríṣi ọ̀gá, tí ojú rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Àwọn méjì mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ akówójọ paraku. Bí wọ́n ti jókòó, obìnrin náà yọ ìwé kan nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Olóyè, ìwé ìfọwọ́sí yín nìyí. Ìjọba ti gbà. Ọ̀rọ̀ ìbejì yìí nìkan la fẹ́ kọ́kọ́ yanjú, kí n tó fi òǹtẹ̀ lù ú."

Gbogbo òṣìṣẹ́ ti kún yàrá, wọ́n dúró ti ògiri. Abíọ́dún ti rán ẹnì kan lọ ra ohun mímu pa mọ́.

Wọ́n pe Ọládipọ̀ síwájú. Ẹ̀rù ń bà á láti dárúkọ ọ̀gá, ó sì jẹ́ ọmọlúàbí. Ó kàn dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ṣẹlẹ̀, mà. Ọwọ́ ló ṣèèṣì, ìyá yẹ̀. Ẹ forí jì wá."

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀?"

"Kò sí, mà. Ta ló máa mọ̀ọ́mọ̀ fún ara rẹ̀ ní wàhálà?"

Akówójọ tó wà nínú ìgbìmọ̀ kò lè mú un mọ́ra. Ó ti gbé owó náà sábẹ́ awò rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé. "Ó mà dára o! Ẹ wo bí imú ṣe là! Alága, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí a ti ń ṣe é. Ẹni tí àṣìṣe bá tọwọ́ rẹ̀ wá la fi ń sọ ìbejì lórúkọ. Ìbejì Ọládipọ̀! Ọ̀gbẹ́ni, orúkọ rẹ á wà nínú ìwé títí ayé." Ó dìde, ó bọ Ọládipọ̀ lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì na ọwọ́ sí ìwé ìfọwọ́sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ọ̀gá wa bá lè pa ẹnu mọ́ níwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń sín, ìyà rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti gbọ́ àtẹ́wọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Ẹ dúró!" Àga rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn. "Ìbejì ta ni? Orí ta ló wà lára owó? Imú ta ló di méjì? Ṣé Ọládipọ̀ ló ni imú ni? Ọwọ́ èmi ló tẹ̀ ẹ́! Èmi gan-an!"

Alága dá ọwọ́ dúró lórí ìwé. "Àá, ẹ̀yin ni? Ìyẹn náà dára. A jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣèèṣì, Olóyè?"

Ojú rere ni obìnrin yẹn fi bi í. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìbejì Adéróunmú ni owó náà ì bá máa jẹ́ títí dòní, ọ̀gá ì bá sì jókòó sórí ìjókòó pupa rẹ̀. Kaosarah wúkọ́. Ó tún wú u gan-an, bí ẹni tí egungun há lọ́fun.

"Ṣèèṣì?" ọ̀gá wí. "Ṣèèṣì bíi ti báwo?"

"Ẹ rántí agbádá, sà," Ọládipọ̀ bẹ̀ ẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Agbádá wo? Kò sí agbádá kankan! Madam, ẹ jẹ́ kó yé yín. Èmi kì í ṣèèṣì. Mo wò ó, mo ṣírò rẹ̀, mo fi ọgbọ́n ẹnjinníà yí ìyá díẹ̀ sápá ọ̀tún. Mo mọ̀ pé yóò di ìbejì, ìdí tí mo fi ṣe é nìyẹn!"

"Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ pátápátá!"

Abíọ́dún ti la ẹnu láti wí pé bẹ́ẹ̀ ni, sà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó pa á dé.

Alága kò pariwo. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé férémù ẹnu ọ̀nà wá, ó ka Òfin Adéróunmú látòkè délẹ̀, ó ka apá ibi tí ó ti sọ pé "ìbáà ṣe èmi Akínbíyì fúnra mi" lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ká ìwé ìfọwọ́sí náà, ó dá a padà sínú báàgì. Ó ní kí Kaosarah fa ìlà pupa lé orí owó náà nínú ìwé àkójọ. Akówójọ inú ìgbìmọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún, ó ń wo owó tó wà lábẹ́ awò rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó dùn mí, Olóyè," alága wí. "Ẹ lè lọ di ẹrù yín. A ó kọ àbájáde wa bí a bá mu tíì tán."

Kaosarah bá ọ̀gá nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, níbi tó ti ń dá gbé páálí kan lọ síbi mọ́tò. Abíọ́dún kò sí níbẹ̀. Ó wà lókè, ó ń bi alága bóyá wọ́n ń fi ṣúgà sí tíì. Inú ti ń bí Kaosarah látìgbà tó ti fa ìlà pupa, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ọkùnrin náà àti páálí rẹ̀, àánú ṣe é.

"Sà, kí ló dé? Kí ló dé tí ẹ ò kàn sọ pé ó ṣèèṣì?"

Akínbíyì gbé páálí sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbé iyì náà fún Ọládipọ̀ ni," ó wí. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Agbádá ló há, Kaosarah. Mo fà á, ìyá sì yẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ̀."

Kaosarah di apá rẹ̀ mú, ó gbàgbé pé ọ̀gá ni. "Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nìyẹn! Wọn ò tíì kọ nǹkan kan, sà, wọ́n ṣì ń mu tíì. Ọládipọ̀ wà níbẹ̀, ó máa jẹ́rìí yín. Ẹ gòkè padà, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí."

Akínbíyì gun àtẹ̀gùn kan. Ó gun èkejì. Ìró ife àti ẹ̀rín ń bọ̀ láti òkè. Ó dúró.

"Àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀?"

"Gbogbo wọn, sà."

"Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n máa gbọ́?"

"Wọ́n máa gbọ́, sà."

Ó ronú sí i díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí irin àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé páálí rẹ̀, ó sì ní kí Kaosarah bá òun ṣí géètì.